Bí Ẹ Ṣe Lè Lo Ọjọ́ Kan Ní Mọ́ọ̀lù Lọ́sẹ̀ Ọdún Láìfi Ìjà Parí Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn wá bá wa ṣe Kérésì n'Ìbàdàn. Ọmọ mẹ́ta la bí: ọmọ ọdún 13, ọmọ ọdún 9 àti ọmọ ọdún 4. Ọkọ mi ní ká gbé Màmá lọ sí mọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ọdún, ká kàn lọ gbafẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, torí lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kejì Kérésì la lọ. Kò sáyè ìjókòó, owó tán kó tó di aago méjì ọ̀sán, ẹsẹ̀ ń ro gbogbo wa, inú mọ́tò la ti bẹ̀rẹ̀ ìjà títí a fi délé. ₦100,000 la fẹ́ ná lọ́tẹ̀ yìí. Mọ́ọ̀lù wo ni ká lọ, ọjọ́ wo, báwo la ó sì ṣe ṣe é tí ara á fi tù wá?

Ìdáhùn: Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Kí Màmá máa bọ̀ láyọ̀. Iṣẹ́ àbójútó mọ́ọ̀lù ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì: èmi ni wọ́n ń fi ẹjọ́ ọmọ tó sọnù sùn, èmi ni wọ́n ń pè tí omi ò bá yọ ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, èmi náà ni oníṣọ́ọ̀bù ń bá jà pé AC òun ò tutù. Mo wo àwọn ìdílé tó ń wọlé lọ́sẹ̀ ọdún débi pé, tí mo bá ti rí bí wọ́n ṣe gba ẹnu ọ̀nà wọlé, mo máa ń mọ àwọn tó máa jáde tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, kì í ṣe owó ló dà yín rú lọ́dún tó kọjá. Ẹ ní ẹ ń lọ gbafẹ́, ẹ wá jẹ́ kí ọjà ṣíwájú. Tí ẹ bá ti ra nǹkan ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹrù ti wọ̀ yín lọ́wọ́ nìyẹn, owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò, àwọn ọmọ sì ti mọ̀ pé ọwọ́ dádì wọn rọ̀ lónìí, wọn ò ní í yé béèrè mọ́. Orí ohun kan ṣoṣo ni ìmọ̀ràn mi dúró lé: ohun tí mọ́ọ̀lù ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà tẹ́rùn, kí ẹ tó dé ìdí ohun tó ń tà.

Ohun ọ̀fẹ́ ibẹ̀ ò sì kéré. Afẹ́fẹ́ tútù wà, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ eruku síni lójú níta. Ilẹ̀ títẹ́jú wà tí arúgbó lè rìn lórí rẹ̀ láìsí gọ́tà, láìsí ọ̀kadà tó ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ìjókòó wà. Ìran tún wà: igi Kérésì oníná, àwọn akọrin, àwọn ọmọge tó ti wọṣọ ọdún tí wọ́n ń ya fọ́tò níwájú gíláàsì, ọkọ tó ń gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Irú ohun tí àwọn baba wa ń wò lábẹ́ igi odán iwájú ààfin náà ni, AC nìkan ló kún un.

Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn láti jókòó láìra nǹkan. Wọ́n á ní ẹ̀ṣọ́ ń wo àwọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín tó máa mú ìtìjú yẹn kúrò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Victor Gruen, tí wọ́n bí ní Vienna ní 1903, tó sá fún ìjọba Hitler lọ sí Amẹ́ríkà ní 1938, ló ya àwòrán mọ́ọ̀lù tó ní òrùlé lórí látòkè délẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1956 ní Edina, lẹ́bàá ìlú Minneapolis. Southdale ni wọ́n pè é. Òtútù ibẹ̀ le débi pé èèyàn ò lè rìn níta fún oṣù bíi mélòó kan, ìdí nìyẹn tó fi ní kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ilé kan. Ó fi ṣọ́ọ̀bù ńlá kan sí apá kan, ó fi òmíràn sí apá kejì, ó wá ṣe gbàgede sáàárín, ó gbin igi síbẹ̀, ó tilẹ̀ gbé ilé ẹyẹ síbẹ̀, kí àwọn èèyàn lè jókòó bí wọ́n ṣe ń jókòó ní gbàgede ìlú tí wọ́n bí i sí. Àwọn tó wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ mú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi gbàgede sílẹ̀. Inú bí i. Ní 1978, ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun kọ́ ni bàbá àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ kiri yẹn. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ìjókòó ní mọ́ọ̀lù, ẹ̀ka tó kù lára èrò ẹni tó dá a sílẹ̀ nìyẹn, ẹ jókòó síbẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀ṣọ́ tí ẹ ń wò yẹn, ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ kékeré kan wà lókè ẹnu ọ̀nà tó ń ka orí àwọn tó ń wọlé. Iye orí yẹn la fi ń bá oníṣọ́ọ̀bù dúnàádúrà nígbà tí ìwé háyà rẹ̀ bá fẹ́ parí. Mọ́ọ̀lù tó ṣófo ń dẹ́rù ba oníṣòwò. Àgbàlagbà tó jókòó wọ̀ọ̀, tó ń mu omi rẹ̀, ń ṣe wá láǹfààní.

Ó dáa, mọ́ọ̀lù wo? N'Ìbàdàn, ẹ ní Palms ti Ring Road, ẹ ní Ventura ní Sámọ́ńdà, ẹ sì ní Heritage ní Dùgbẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ nìkan ni, èyíkéyìí tó bá sún mọ́ ilé yín ló dáa jù, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lọ́sẹ̀ ọdún lè gba agbára yín kí ẹ tó dé. Àmọ́ nítorí Màmá, Dùgbẹ̀ ni màá mú. Ẹ̀gbẹ́ Cocoa House gan-an ni mọ́ọ̀lù yẹn wà, ẹni tó bá dàgbà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ò sì ní í rí Ilé Àwòṣífìlà kó má ní ìtàn tó fẹ́ sọ. Owó kòkó la fi kọ́ ọ, ó parí ní 1965, àjà 26, ó ga ní mítà 105. Nígbà náà, kò sílé tó ga tó o ní gbogbo agbègbè ilẹ̀ olóoru Áfríkà. Iná jó o ní January 1985, ó sì di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe tán tí wọ́n ṣí i padà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún 13 yẹn dúró ti Màmá lẹ́sẹ̀ ilé náà kí ó bi í pé níbo ló wà nígbà tí iná náà ń jó. Kò gba kọ́bọ̀. Ìyẹn nìkan lè jẹ wákàtí kan.

Ẹ bi í léèrè Kingsway náà, ṣọ́ọ̀bù ńlá ayé ìgbà kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní rò pé ìgbà tí The Palms ṣí ní Lẹ́kí ní 2005, tí Shoprite fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ni ọ̀làjú ṣọ́ọ̀bù ńlá dé ilẹ̀ wa. Rárá o. Ọdún 1948 ni Kingsway ti UAC ti ṣí ní Marina l'Ékòó, wọ́n sì ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn níbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ọmọ lọ wo Bàbá Kérésì nígbà tí àwa ṣì kéré. Nígbà tí Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tó wà níbí wé tìgbà náà, tó ń kan sáárá sí tìgbà náà, ẹ má jiyàn. Ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ.

Ohun kan rèé kí ẹ tó jáde nílé: ẹ ṣèwádìí pé ohun tí ẹ ń lọ wò ṣì wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ńlá ń kó kúrò. Ní 2021, àwọn ará South Africa tó ni Shoprite ta ti Nàìjíríà fún oníṣòwò ilẹ̀ wa, àwọn ẹ̀ka kan sì ti tì látìgbà náà. Ṣọ́ọ̀bù ńlá Game náà ti palẹ̀ mọ́ kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó bá gbé ìdílé kúrò nílé lórí ohun tó rí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè bá ìlẹ̀kùn irin. Ẹ wo ojú ìwé mọ́ọ̀lù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ fi fóònù bi ẹni tó lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Ọjọ́ tí ẹ mú lọ́dún tó kọjá gan-an ló burú jù. Ọjọ́ kejì Kérésì, gbogbo ìlú ti jẹ ìrẹsì àti adìẹ tán, ilé ti sú àwọn ọmọ, owó oṣù tí wọ́n san ṣáájú ọdún ṣì wà lápò, ibì kan náà ni gbogbo èèyàn ń lọ. Ọjọ́ kẹrìnlélógún náà ò dáa, torí àwọn tó gbàgbé nǹkan ọbẹ̀ ló máa kún ibẹ̀. Ẹ wo láàárín ọjọ́ 28 sí 30, kí ẹ mú èyí tí kì í ṣe Sátidé tàbí Sunday. Nígbà yẹn, owó ti tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn (ká má purọ́ fúnra wa), ìgboro ti fúyẹ́ díẹ̀, iná àti igi Kérésì ṣì wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti kó wọn kúrò. Ọjọ́ 31, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú ẹ̀, àìsùn ọdún ń bọ̀ lálẹ́.

Wákàtí tí ẹ bá débẹ̀ tún ṣe pàtàkì ju ọjọ́ lọ. Ẹ wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Tí ó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, ibi ìgbọ́kọ̀sí ti kún, ìlà tọ́ílẹ́ẹ̀tì obìnrin ti gùn dé ìta, ìjókòó sì ti tán. Aago mẹ́wàá sí mẹ́ta ni ọjọ́ tiyín. Nígbà tí ẹ bá ń jáde lẹ máa pàdé àwọn tó ń wọlé, ẹ ó rí i lójú wọn pé wọ́n ń ṣe ìlara yín.

Kí Màmá jẹun nílé. Àmàlà, ẹ̀kọ, ohunkóhun tí ikùn rẹ̀ bá mọ̀, kó jẹ ẹ́ yó láàárọ̀. Oúnjẹ mọ́ọ̀lù, ti àwọn ọmọ ni. Àgbàlagbà á kàn máa fi ṣíbí ro ó ni, á ní òun ò fẹ́ da ọmọ òun láàmú, ebi á wá máa pa á lábẹ́lẹ̀. Tó bá ní oògùn tó ń lò láago kan, ẹ fi sínú báàgì yín, ẹ má fi sínú mọ́tò. Ẹ mú ìborùn fún un pẹ̀lú. AC tó dùn mọ́ ọmọ ọdún 9 máa ń wọ egungun àgbà lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ń dẹ́rù bani jù lẹ́nu iṣẹ́ mi. Lífítì ló dáa jù fún Màmá. Ẹ béèrè ibi tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kí ẹ tó dé ìdí àtẹ̀gùn, torí lífítì sábà máa ń wà ní kọ̀rọ̀. Àmọ́ lífítì lè bàjẹ́, Màmá sì lè ní òun náà fẹ́ gun ohun tí àwọn ọmọ ọmọ òun ń gùn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ìró rẹ̀. Ìró tó gùn dé ilẹ̀ ni ọ̀tá: etí rẹ̀ máa ń wọ ibi tí irin eléyín wà ní ìparí àtẹ̀gùn. Kí ó ká ìró náà sókè díẹ̀, kí ó fi ọwọ́ òsì mú un ní itan, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún di rọ́bà ẹ̀gbẹ́ tó ń rìn mú. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ bá ń gòkè, kí ẹ wà níwájú rẹ̀ tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kó lè jẹ́ pé ara yín ló máa fẹ̀yìn tì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀. Kó wo ìlà ofeefee, kó fi ẹsẹ̀ kan lé àárín, kí èkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, ẹ sọ fún un pé "Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀ o", kó má fà á nílẹ̀.

Ọmọ ọdún 4 yẹn ńkọ́? Ẹ má wọ̀ ọ́ ní sílípáàsì rọ́bà rírọ̀, irú èyí tó ní ihò lókè. Rọ́bà rírọ̀ máa ń há sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì máa ń fa ẹsẹ̀ ọmọ wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Bàtà tó le, kó dúró sáàárín, ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, kó má jókòó. Bọ́tìnnì pupa kan wà nísàlẹ̀ àti lókè àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá a kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì fi han ọmọ ọdún 13: tí aṣọ tàbí bàtà ẹnikẹ́ni bá há, òun ló máa tẹ̀ ẹ́, àtẹ̀gùn á dúró lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun kì í fi ìrìn àjò ṣe ìyọnu.

Ti ọmọ tó ń sọnù, ìgbésẹ̀ rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ya ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, torí ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá sọnù kì í rántí àwọ̀ aṣọ mọ́. Mo ti béèrè lọ́wọ́ wọn, ẹkún nìkan ni wọ́n ń sun. Ẹ kọ nọ́ḿbà fóònù yín sí inú apá ọmọ ọdún 4 pẹ̀lú bírò. Ẹ fi ibì kan han gbogbo wọn tí ẹ bá wọlé, igi Kérésì ńlá yẹn dáa, pé ibẹ̀ la ti máa pàdé tá a bá pínyà. Ẹ kọ́ wọn pé ẹni tó wà nídìí káńtà ìsanwó tàbí ẹ̀ṣọ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́ ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àlejò tó bá kọ́kọ́ na ọwọ́ sí wọn. Ọmọ tó bá sọnù, ẹ má kọ́kọ́ máa wá a kiri fúnra yín. Ẹ sọ fún ẹ̀ṣọ́ kíá, torí àwọn ló lè ránṣẹ́ sí gbogbo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ bọ́ sórí sinimá. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ lọ, gbogbo Nàìjíríà ló fẹ́ lọ nígbà yẹn. Oṣù Kejìlá ni àwọn òṣèré wa ń tọ́jú fíìmù tó tóbi jù sí. Èyí tí Funke Akindele gbé jáde ní December 2023 ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Ẹ fojú inú wo ìlà tó mú irú owó yẹn wá. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ mú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi hàn láàárọ̀. Ẹ̀dínwó àárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣe kì í sábà wà lọ́sẹ̀ ọdún, ẹ má fi sínú ìṣirò yín.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má kó gbogbo yín wọ sinimá. Tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn mẹ́fà, pẹ̀lú gúgúrú àti minérà, lè gbé ìdajì owó yín lọ. Kí ọkọ yín mú àwọn ọmọ méjì tó dàgbà wọlé. Kí ẹ̀yin, Màmá àti àbíkẹ́yìn jókòó síta. Ọmọ ọdún 4 kì í wo fíìmù wákàtí méjì tán. Ní ogójì ìṣẹ́jú, á fẹ́ tọ̀, á fẹ́ mu omi, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Màmá ní tirẹ̀, tí iná bá ti kú, tí AC sì ń fẹ́, oorun ni. Kí ni ẹ fẹ́ fi owó ra oorun sí? Ẹ wo àmì tí NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, fi sára fíìmù kí ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ G tàbí PG, kò sí wàhálà fún ọmọ ọdún 9. Tó bá jẹ́ 15, bàbá rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tàn án wọlé, ọmọ ọdún 13 pàápàá ò tíì tó o.

Àárín wákàtí méjì yẹn, èmi rò ó pé òun ló máa dùn jù nínú ọjọ́ náà fún ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín. Ẹ wá ìjókòó tó kọjú sí ibi tí èrò ń gbà. Ẹ fi ọmọ sí ibi ìṣeré tó bá wà nítòsí, kí ojú yín lè tó o. Ẹ ra áísì kírímù kan, ẹ fi ṣíbí méjì sí i. Ẹ má gbé fóònù jáde. Ìyá ọkọ tó bá rí i pé ìyàwó ọmọ òun jókòó ti òun, tí kò kánjú, tí kò fẹ́ lọ dáná, á sọ ohun tí kì í sọ nínú ilé.

Tí àwọn onísinimá bá ti jáde, ẹ jẹun kí aago kan tó lù. Èrò máa ń ya wọ ibi oúnjẹ láti aago kan. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìẹ ibẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ohun tí ọmọ ọdún 4 àti 9 lè jẹ tán lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ra awo kan fún àwọn méjèèjì. Ẹ béèrè bóyá iye tí wọ́n kọ sára pátákó ti ní VAT nínú, torí ìdá méje ààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bá fi kún un nígbà tí ẹ ń sanwó ló máa ń dá ìṣirò rú.

Ní ti owó, ẹ pín ₦100,000 náà láti ilé. Ìdá kan nínú mẹ́ta fún sinimá àti ìṣeré, ìdá kan fún oúnjẹ, ìdá tó kù fún sùpámákẹ́ẹ̀tì, owó ìgbọ́kọ̀sí, àti ohun tí ẹnikẹ́ni ò ronú kàn. Nínú ìdá àkọ́kọ́ yẹn, ẹ yọ ₦3,000 tàbí ₦5,000 fún ọmọ ọdún 13 àti ọmọ ọdún 9, kí ẹ kà á sí wọn lọ́wọ́ kí ẹ tó wọ mọ́tò: "Tiyín rèé, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi rà, kò sí òmíràn." Ẹ ó rí ìyàtọ̀. Ọmọ tó ń fi owó bàbá rẹ̀ béèrè nǹkan ṣeré kò ní í mọ̀ pé ó wọ́n, àmọ́ tí owó bá wà nínú àpò tirẹ̀, á gbé bọ́ọ̀lù yẹn sókè, á wo iye rẹ̀, á dá a padà. Mo ti rí ọmọ tó yí ṣọ́ọ̀bù kan po lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì mú owó rẹ̀ lọ sílé lódidi.

Ẹ lọ gba owó díẹ̀ ní báńkì lọ́jọ́ tó ṣáájú. Lọ́sẹ̀ ọdún, POS máa ń kọ káàdì, tránsífà á kúrò lọ́wọ́ yín láìdé ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù, ẹ ó wá dúró nídìí káńtà tí èrò ń kùn lẹ́yìn yín. Káàdì báńkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti owó lọ́wọ́, ìyẹn ló ń pa ẹnu mọ́.

Aṣọ àti bàtà, ẹ má rà á níbẹ̀. Ẹ ti lọ sí Alẹ́ṣinlọ́yẹ́ tàbí Gbági kí ọdún tó dé. Ìdí tó fi wọ́n ní mọ́ọ̀lù kì í ṣe pé oníṣọ́ọ̀bù burú. Ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ń fa èrò wá, owó háyà tó ń san lórí mítà kan kéré; àwọn kéékèèké tó wà láàárín ló ń gbé ẹrù yẹn, ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀lù wa ló sì ti ń fi dọ́là ṣírò háyà látẹ̀yìn wá. Ẹ fi iná jẹnẹrétọ̀ àti díísù kún un. Bàtà tí ẹ gbé lọ́wọ́ yẹn, ara ohun tó ń san gbogbo ìyẹn ni. Ẹ wò ó, ẹ gbé e wọ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rín.

Sùpámákẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn. Kí bàbá àwọn ọmọ kó wọn lọ sínú mọ́tò pẹ̀lú Màmá, kí ẹ̀yin nìkan wọlé, tàbí kí òun wọlé. Ẹni kan, ìwé kan tí ẹ ti kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà sí, apẹ̀rẹ̀ ọlọ́wọ́ kan. Ẹ má mú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì. Sylvan Goldman, oníṣọ́ọ̀bù kan ní Oklahoma, ló gbé kẹ̀kẹ́ yẹn jáde ní 1937, torí ó rí i pé nígbà tí apẹ̀rẹ̀ bá ti wúwo lọ́wọ́ obìnrin ni ó ń ṣíwọ́ ọjà. Àwọn èèyàn ò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ó ní láti háyà àwọn tó ń tì í kiri inú ṣọ́ọ̀bù bíi pé oníbàárà ni wọ́n. Apẹ̀rẹ̀ tó ń dùn yín lọ́wọ́ ló máa sọ fún yín pé ó tó.

Òórùn búrẹ́dì á pàdé yín. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń yan án níbẹ̀, ó sì dùn, èmi fúnra mi ò lè kọjá a. Ẹ ra kan. Wàrà àti ẹyin á wà lẹ́yìn pátápátá kí ẹ lè gba gbogbo ọ̀nà kọjá, súìtì á wà nídìí káńtà ní ìwọ̀n ojú ọmọdé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n wà nínú mọ́tò.

Tí ẹ bá ń mú nǹkan lórí pẹpẹ, ẹ fi fóònù ya iye tó wà níwájú rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n kọ ẹ̀dínwó sí. Lọ́sẹ̀ ọdún, wọ́n lè yí iye inú kọ̀ǹpútà padà kí wọ́n tó rántí yí ti pẹpẹ, iye tó máa jáde nídìí káńtà á wá ju ohun tí ẹ rí lọ. Òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀ ò gbà á: oníṣòwò kò gbọ́dọ̀ gbà ju iye tó kọ síta lọ, tó bá sì kọ méjì, èyí tó kéré ni kó gbà. Ẹ má pariwo. Ẹ fi fọ́tò hàn án, ẹ ní kó pe súpáfáísọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n á tún un ṣe kí ìlà tó sún. Ẹ gba rísíìtì, ẹ fi sí ọwọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á béèrè rẹ̀; tí mọ́ọ̀lù náà bá ń gbowó ìgbọ́kọ̀sí, ẹ san án nínú ilé kí ẹ tó dé ibi mọ́tò, torí ẹni tó bá dé géètì láìsan án ni àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè lé lórí.

Ohun tó bá ti di yìnyín, ẹja tàbí adìẹ, ẹ rà á gbẹ̀yìn pátápátá, kí ẹ fi ìwé ìròyìn wé e. Láti Dùgbẹ̀ dé ilé yín lọ́sẹ̀ ọdún, ó lè gba wákàtí kan, àní bí ẹ bá jáde láago mẹ́ta.